Bàálù ní oko wa pupa: ṣé wúrà ni?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Èmi ni akọ̀wé ìpàdé ẹbí wa n'Íléṣà. Oko kòkó tí bàbá wa àgbà fi sílẹ̀ wà lọ́nà Ifẹ̀wàrà, kò ju éékà mẹ́wàá lọ. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan gbé máàpù aláràbarà kan wá sípàdé. Ó ní bàálù ìjọba ló fi òòfà yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò, pé ibi tó pupa lórí oko wa, wúrà ló wà ńbẹ̀, àti pé ìlà gígùn kan tó gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá ni ‘fault’, ibi tí àpáta ti ya, tí wúrà náà gbà gòkè. Ó ní ká dáwó háyà katakata, ká jọ pín èrè. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń sọ pé ká ta apá kan oko láti fi rí owó náà. Ìyá wa sì jẹ́rìí pé lóòótọ́ ni bàálù kan fò nílẹ̀ nílẹ̀ kọjá lókè oko lọ́jọ́ kan, pé wọ́n ní wúrà wa ni wọ́n wá fi òòfà fà lọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bàálù lè rí ohun tó wà nínú ilẹ̀? Ṣé ká gbẹ́ ibi tó pupa yẹn?”

Akọ̀wé, ẹ kú ìtọ́jú ẹbí. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni máàpù náà? Ṣé ohun tí ọkùnrin yẹn ní máàpù náà wí ló wí lóòótọ́? Ẹ̀kẹta, èyí tó gbé yín dé ọ̀dọ̀ mi gan-an: ṣé ká ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀? Ẹ jẹ́ n tètè dáhùn ti ìkẹyìn, kí ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ ka ìyókù. Ẹ má tíì ta ohunkóhun, ẹ má sì jẹ́ kí katakata kankan wọ oko. Máàpù náà ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó o, torí ìjọba ní irú rẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó bá sì sanwó lè rí i rà. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú bàálù tó ń rí wúrà. Ohun tí bàálù yẹn gbé ni ẹ̀rọ tí à ń pè ní magnetometer, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì mọ̀: kó wọn bí agbára òòfà ayé ṣe le tó níbi tó bá wà. Ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà, òun ló jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì máa kọjú sí àríwá. Nanotesla la fi ń wọn agbára yìí. Lágbègbè tiwa ó wà ní nǹkan bí 32,000 sí 33,000. Nítòsí ìkángun ayé ní àríwá àti gúúsù, ó máa ń lé ní 60,000. Àpáta tó bá ní magnetite nínú, ìyẹn òkúta dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ òòfà, á fi tirẹ̀ kún ti ayé tàbí kó dín in kù: bóyá mẹ́wàá, bóyá ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn ó lè lé ní ẹgbẹ̀rún. Àfikún àti àdínkù yẹn là ń wá kiri. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá ni wọ́n ń fi irú ẹ̀rọ yìí wá láti inú bàálù. Ẹ̀rọ tí Victor Vacquier ṣe nílé iṣẹ́ epo Gulf l'Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ogun ń parí lọ ni wọ́n yí i sí wíwá òkúta. Ti òde òní lágbára débi pé ó lè mọ ìyàtọ̀ tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nanotesla ẹyọ kan.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ yọ òòfà tó wà lẹ́yìn ẹnu rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ lọ sétí odò oko yín lẹ́yìn òjò. Ẹ ó rí ìlà dúdú tín-ín-rín lórí yanrìn, níbi tí omi ti yípo lẹ́yìn òkúta. Ẹ fi òòfà náà rà á. Yanrìn dúdú yẹn á fò mọ́ ọn, á dìde ṣánṣán bí irùngbọ̀n. Ẹ fa òòfà yọ nínú ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ á já bọ́ sínú abọ́. Magnetite nìyẹn, òun ni bàálù gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ wá fi òòfà kan náà kan òrùka wúrà tí ìyá bá ní. Kò ní mira. Wúrà kì í dá òòfà lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni òkúta funfun tí wúrà máa ń bá rìn kì í dá a lóhùn. Bí òrùka náà bá fò mọ́ òòfà, ẹjọ́ mìíràn lẹ ní pẹ̀lú ẹni tó tà á.

Kí ló wá dé tí àwọn tó ń wá wúrà fi ń ra máàpù òòfà? Nítorí wúrà kì í dá sùn. Láyé ìgbà tí àpáta tiwa yìí ṣì wà nísàlẹ̀ jíjìn, omi gbígbóná tó ru wúrà àti imí-ọjọ́ gba ojú ibi tí àpáta ti ya gòkè. Bó ṣe ń tutù, òkúta funfun tí à ń pè ní quartz ń dí ojú ibẹ̀, wúrà sì há sínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí àpáta ti ya ti mọ ọ̀nà tí omi gbà. Ibi ńlá kan tí àpáta ti ya wà lágbègbè yín, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Ifewara–Zungeru. Ó gba ọ̀dọ̀ yín ní Ifẹ̀wàrà, ó forí lé àríwá, ó yà díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ó ń lọ sí ìhà Zungeru ní ìpínlẹ̀ Niger. Lápá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, láàárín Ifẹ̀ sí Iléṣà, òkúta dúdú tó wúwo, amphibolite, ló pọ̀. Lápá ìlà-oòrùn, quartzite, òkúta líle tí quartz kún inú rẹ̀, ló pọ̀, òun náà ni egungun òkè Ẹ̀fọ̀n tí ẹ̀ ń rí. Òkúta dúdú yẹn máa ń sọ̀rọ̀ létí ẹ̀rọ wa, quartzite máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá rìn kiri inú oko, ẹ ò ní rí èyíkéyìí nínú wọn, torí yangí àti ilẹ̀ kòkó ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Yangí ò dí bàálù lójú. Ó ń gbọ́ ibi tí ariwo ti dáwọ́ dúró lójijì, a sì mọ̀ pé nǹkan kan gé àpáta níbẹ̀. Àṣírí tó wà nínú iṣẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ má sì fojú kékeré wò ó. Lọ́dún 1978, Glen Penfield ń wo òǹkà òòfà tí bàálù kó lórí òkun lápá Yucatán ní Mẹ́síkò, fún Pemex, ilé iṣẹ́ epo orílẹ̀-èdè náà. Epo ni wọ́n ń wá. Ó rí nǹkan tó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, ó gbé e ti àwòrán mìíràn tí wọ́n ti ṣe lórí ilẹ̀, ìdajì kejì sì pé e, ó di òbìrípo. Òun àti Antonio Camargo kéde rẹ̀ lọ́dún 1981, àwọn èèyàn ò kọbi ara sí i tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1991 ni ayé tó gbà pé ojú ibi tí òkúta ńlá láti òfuurufú ti kọlu ilẹ̀ ni, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn dínósọ̀ parẹ́. Fífẹ̀ rẹ̀ tó bí 180 kìlómítà, òkúta ẹfun tó nípọn tó kìlómítà kan sì bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Àwọn èèyàn ti ń gbé lórí rẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń kọ́lé, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ohun tí bàálù mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn: kó fi ìrísí ohun ńlá tó sin hàn. Ìwọ̀n nǹkan ńlá yìí ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oko yín ti fẹ́ yí.

Láàárín ọdún 2004 sí 2009 ni wọ́n fi bàálù wọn gbogbo Nàìjíríà fún àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ ilẹ̀, Nigerian Geological Survey Agency; ilé iṣẹ́ Fugro ló fò ó. Bàálù náà ń fò ní nǹkan bí 80 mítà sókè, ìyẹn ò ju ìlọ́po méjì igi ìrókò ńlá lọ. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń wọn nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó fi jẹ́ pé ní gbogbo mítà méje tàbí mẹ́jọ tó bá fò, ó ti kọ òǹkà kan sílẹ̀. Dáadáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá dé òpin ilẹ̀ tó sì yí padà, 500 mítà ló máa ń sún kúrò lẹ́bàá ọ̀nà àkọ́kọ́ kó tó tún fò padà. Ohun tó bá wà láàárín ọ̀nà méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ọ́n. Kọ̀ǹpútà ló fi òye dí i, bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu aládùúgbò ọ̀tún àti tòsì, tó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé àárín. Éékà mẹ́wàá yín, ká ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, jẹ́ 200 mítà lọ́nà gbogbo. Oko yín lódindi lè bọ́ sáàárín ọ̀nà méjì kí bàálù má fò kọjá lórí igi kòkó kan ṣoṣo. Lórí máàpù tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀, tí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún kìlómítà kan, oko náà ò ju mílímítà méjì lọ. Orí ìṣáná tóbi jù ú lọ. Ẹni tó bá fi ìka tọ́ka síbẹ̀ pé “ẹ gbẹ́ ibí”, ìka rẹ̀ ti bo oko yín àti ti aládùúgbò mẹ́wàá.

Ká wá sórí àwọ̀ pupa. Pupa kì í ṣe ohun tí bàálù rí. Òǹkà ni bàálù kó bọ̀, ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ló fi àwọ̀ lé e. Ibi tí òǹkà bá ti ga jù nínú ohun tó gé jáde ló máa ń pupa, bí gíga náà ò tilẹ̀ ju nanotesla mẹ́ta lọ. Bí mo bá gé ibòmíràn mọ́ ọn, pupa yín lè di àwọ̀ ewé kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ nílẹ̀ tiwa ni pé, bí wọn ò bá tíì tún òǹkà náà ṣe, pupa lè má wà lórí àpáta tó ń fà á rárá. Ní Kánádà tàbí Sweden, agbára òòfà ayé ń wọlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣánṣán, bí ìgbà tí èèyàn ri òpó. Àpáta ibẹ̀ di òòfà tó nàró, agbára rẹ̀ ń fi kún ti ayé, òǹkà sì ń ga lókè rẹ̀ gan-an. Ìlà tí abẹ́rẹ́ òòfà ti máa ń sùn gbalaja gba apá àríwá Nàìjíríà kọjá, Iléṣà ò sì jìnnà sí i: bí ẹ bá fi okùn so abẹ́rẹ́ náà rọ̀ lọ́dọ̀ yín, kò ní yẹ̀ kúrò ní gbalaja ju nǹkan bí ìwọ̀n 10 lọ nínú 90. Àpáta wa di òòfà tó dùbúlẹ̀, orí rẹ̀ ní àríwá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gúúsù. Agbára tó ń ti orí rẹ̀ padà sí ẹsẹ̀ ń gba òkè kọjá, ó ń dojú kọ ti ayé, ó ń bá a jà. Nítorí náà, lọ́gangan òkè àpáta tó lágbára, òǹkà ń lọ sílẹ̀, á ga díẹ̀ ní àríwá àti ní gúúsù rẹ̀. Lọ́rọ̀ kan, lórí máàpù tí wọn ò tíì tún ṣe, àpáta tó ń pariwo lábẹ́ ilẹ̀ lè wà níbi tó dúdú bí aró, kí pupa jẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lásán. Ìṣirò wà tí a fi ń dá gbogbo rẹ̀ padà sáàyè, ṣùgbọ́n nítòsí ìlà yẹn, ìṣirò náà máa ń gbé ariwo ga pẹ̀lú, á fa ìlà irọ́ láti gúúsù dé àríwá. Mo ti rí ìwé ìwádìí tí wọ́n fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe odindi orí kan.

Bí ọ̀rọ̀ òòfà tó dùbúlẹ̀ yìí bá yé yín, ẹ ó mọ ohun tó ń bí mi nínú nípa ‘fault’ ọkùnrin yẹn. Ògiri àpáta tó bá nà láti gúúsù sí àríwá, orí rẹ̀ wà lókèèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókèèrè, àárín rẹ̀ ò ní fọhùn. Ọ̀pọ̀ àpáta wa àti ibi tí wọ́n ti ya ló nà bẹ́ẹ̀, ti Ifẹ̀wàrà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. A kì í sábà rí wọn gẹ́gẹ́ bí ìlà gbọọrọ. Kóbó kóbó ni wọ́n ń hàn, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Nítorí náà, bí ìlà ọkùnrin yẹn bá gún régé tó sì mọ́lẹ̀ kedere, mo ní ìbéèrè. Ìhà ibo ló dojú kọ? Bàálù ìjọba yẹn ń fò láti àríwá ìwọ̀-oòrùn sí gúúsù ìlà-oòrùn, kó lè dábùú àpáta. Bí ìlà rẹ̀ bá lọ síhà kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ipa ẹsẹ̀ bàálù fúnra rẹ̀ ló ń fi hàn yín, ibi tí òǹkà ọ̀nà kan ò ti bá ti ìkejì dọ́gba. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún lè jẹ́ ojú ibi tí irú àpáta méjì ti pàdé láìsí pé ohunkóhun ya, tàbí ògiri òkúta tó yọ́ gòkè tó sì dì. Omi tó gbé wúrà wá pàápàá kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo: ó máa ń mú magnetite dógùn-ún, kí ibẹ̀ dákẹ́, níbòmíràn ó máa ń kó òkúta onímí-ọjọ́ kan tó ń fa irin wá, kí ibẹ̀ pariwo. Ẹni tó bá ní pupa ni wúrà àti ẹni tó bá ní búlúù ni wúrà, àwọn méjèèjì ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ilẹ̀ nìkan kọ́ sì ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Lọ́sàn-án, agbára iná kan ń ṣàn bí odò ní nǹkan bí 100 kìlómítà lókè orí wa, lójú ìlà òòfà yẹn, oòrùn ló ń tì í. Láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, ó lè fi àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún nanotesla kún òǹkà, èyí tó lè ju ohun tí à ń wá gan-an lọ. Nítorí rẹ̀ ni ẹnì kan ṣe gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ kejì nílẹ̀, tí kì í kúrò lójú kan, kí a lè mọ èyí tó jẹ́ ti oòrùn ká yọ ọ́. Mo ti jẹ́ ẹni náà rí, lábẹ́ agboòrùn nínú ẹgàn, iṣẹ́ mi ò ju kí n máa bẹ ọlọ́kadà pé kó jọ̀ọ́ gba ọ̀nà kejì. Bí a bá wá fẹsẹ̀ rìn gbé ẹ̀rọ, ẹni tó gbé e kò gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ lápò, kò gbọ́dọ̀ ní bẹ́líìtì onírin. Okùn ni mo fi ń di ṣòkòtò mi, àwọn ọmọdé á máa tẹ̀ lé mi. Àṣìṣe ti ara mi náà wà ńbẹ̀. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, mo rí ibì kan lórí máàpù ní Èkìtì, ó kéré, ó le, ó dá dúró. Mo kéde rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá mi. Ọjọ́ méjì la fi la igbó débẹ̀. Ilé ìlagi tó ti kú la bá, páànù rẹ̀ ti wó, ẹ̀rọ ńlá mẹ́ta ń dógùn-ún nínú ewéko. Ọ̀gá mi ò bínú, ó kàn ní kí n yàwòrán rẹ̀ sínú ìròyìn wa.

Ẹ ò béèrè ìjìnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀. Fi òkúta sábẹ́ ẹní, kí o sùn lé e: wàá mọ gbogbo igun rẹ̀. Fi òkúta kan náà sábẹ́ tìmùtìmù, kìkì ìwú kan lẹ̀yìn rẹ á mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òòfà rí. Ohun tó wà nítòsí máa ń hàn ṣóńṣó, ohun tó jìn máa ń hàn bí òkè pẹrẹsẹ. Bí ohun kékeré kan bá sì jìnnà ní ìlọ́po méjì, ohùn rẹ̀ á kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Láti ara ṣóńṣó àti pẹrẹsẹ yìí la fi ń fojú bu ìjìnlẹ̀. Fífojú bù ú là ń ṣe o, a kì í wọ̀n ọ́n. Ohun pẹrẹsẹ tó wà lókè, bí òkúta tó tẹ́ rẹrẹ, lè ṣe bí ohun kékeré tó jìn, kò sì sí ìṣirò kankan tó lè fi òòfà nìkan yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta wúrà tó fẹ̀ tó mítà kan tàbí méjì, bàálù tó wà ní 80 mítà ò ní gbọ́ ọ láé, àní bó bá tilẹ̀ ń fọhùn.

Kí lẹ ó wá ṣe? Èmi ò ní jókòó síbí kí n sọ pé kò sí wúrà lóko yín. Àdúgbò wúrà ni yín, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ìtagunmódì ò jìnnà, ní Segilola, ibi ìwakùsà wúrà ńlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wúrà jáde lọ́dún 2021. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti yọ́ ọ yẹn, ihò tí wọ́n fi ẹ̀rọ lu láti yẹ òkúta wò kí wọ́n tó ra katakata kan kì í ṣe díẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni òfin. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, àmọ́ òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọ́fíìsì kan wà tó ń fúnni ní láìsẹ́nsì, Mining Cadastre Office. Ẹ fi fóònù mú òǹkà tó ń sọ ibi tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko wà lórí máàpù, kí ẹ béèrè bóyá ẹnì kan ti gba láìsẹ́nsì lórí rẹ̀. Ní àdúgbò tiyín, ó ṣeé ṣe dáadáa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú fún kòkó lẹ ó máa sọ. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ láìní láìsẹ́nsì ti ṣẹ̀ sófin, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tó.

Bí ọ̀nà òfin bá là, ẹ máa gun àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀, èyí tówó rẹ̀ kéré kó ṣáájú. Ẹ wá onímọ̀ ilẹ̀ kan, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ò jìnnà sí yín, kí ó bá yín wo odò. Yanrìn tí ẹ bá bù níbi tí odò ti ń wọ oko, àti èyí tí ẹ bá bù níbi tó ti ń jáde, ẹ fọ̀ wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú igbá. Bí wúrà wínníwínní bá wà nínú yanrìn ibi tí odò ti ń jáde, tí kò sí nínú ti ibi tó ti ń wọlé, oko yín di ẹni à ń fura sí. Bí kò bá sí níbì kankan, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ tọ́jú kòkó. Lẹ́yìn odò ni erùpẹ̀: kí onímọ̀ náà bu díẹ̀ díẹ̀ ní ìlà ìlà káàkiri oko, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò. Ìgbà náà ni òòfà tó tún wúlò, àmọ́ èyí tí a fẹsẹ̀ rìn, tí ìlà rẹ̀ sún mọ́ra tó 20 mítà, tó lè rí ohun tí bàálù fò kọjá. Bàálù ìjọba náà gbé ẹ̀rọ kejì, tó ń wọn ìtànṣán potassium, uranium àti thorium. Ó dára láti gbé e ti òòfà, àmọ́ kò rí ju ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sínú ilẹ̀. Kòtò tóóró tẹ̀ lé e, lílu ihò gbẹ̀yìn, owó rẹ̀ sì ju agbára ìpàdé ẹbí lọ. Ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é. Ọkùnrin yẹn fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè àtẹ̀gùn. Kó tó tún sọ̀rọ̀ lé e, ẹ ní kó sọ fún yín lójú ìpàdé: ọ̀nà bàálù wo ló kọjá lórí oko, mítà mélòó ni òun sì fi jìnnà sí i? Ṣé wọ́n ti tún òǹkà rẹ̀ ṣe fún ìdùbúlẹ̀ òòfà wa, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà? Nanotesla mélòó ni pupa náà fi ga ju àyíká rẹ̀ lọ? Ẹni tó mọṣẹ́ á dáhùn láìlàágùn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni oníjìbìtì o; àwọn kan wà tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó kọ́ àpáta.

Ẹ bá mi kí ìyá. Wọn ò purọ́ nípa bàálù, ó fò lóòótọ́, ó sì fò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbé òòfà kankan. Òòfà gan-an ni awakọ̀ rẹ̀ ń sá fún. Irin inú ẹ́ńjìnnì tó láti ba iṣẹ́ jẹ́, òun ni wọ́n ṣe máa ń gbé ẹ̀rọ náà sórí ọ̀pá gígùn kan tó yọ jáde nídìí bàálù, kó lè jìnnà sí i. Ẹ bi ìyá bóyá wọ́n rí ọ̀pá yẹn, bí ìgbà tí kòkòrò ní oró nídìí. Ẹ tún bi wọ́n pé nígbà tó kọjá, ṣé ọ̀gangan orí wọn ni àbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, apá ibo ló ti wá, apá ibo ló sì gbà lọ. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yín, ẹ̀rí ìyá nìkan ló lè sọ fún wa bóyá òǹkà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n wọ̀n lórí éékà mẹ́wàá yẹn. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi, èmi náà á fi wé ọ̀nà tí bàálù náà fò.